Bí a ṣe ń wá ojúlówó pááàtì wẹ́wẹ́ fún ọkọ̀ Volkswagen Ìjàpá àtijọ́ n'Íbàdàn, àti bí a ṣe ń dè é mọ́ ọkọ̀

Fẹ́ńdà tó ti jẹrà kì í dẹ́rù ba ẹni tó mọ páńẹ́ẹ̀lì bítà gidi. Á gé páànù, á lù ú títí yóò fi jókòó. Ẹ́ńjìnnì tó ti dákẹ́, wọ́n á jí i. Ohun tó ń mú Volkswagen Ìjàpá pẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò láìparí ni ike tí wọ́n fi ń ká gíláàsì, síkúrù méjì tó di iná ẹ̀yìn mú, ráábà tó yí fèrèsé ká, àti àmì V àti W orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò sí òòlù tó lè lu ìyẹn jáde lára páànù. Tèmi tí mo rà lọ́wọ́ tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Òkè-Àdó, ọkọ̀ ọdún 1970, oṣù mẹ́rin ni iṣẹ́ ara àti ti ẹ́ńjìnnì gbà. Nǹkan wẹ́wẹ́ gba ọdún kan àtààbọ̀.

Ìjàpá ni mo mọ̀, nítorí náà òun ni mo máa sọ. Ẹni tó ní Peugeot 404 tàbí 504 á rí púpọ̀ mú lò níbẹ̀; àwọn nọ́ńbà nìkan ni kò ní bá tirẹ̀ mu.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tí ẹ ní

Ẹ má kàn dé ọjà kí ẹ sọ pé "Ìjàpá ni mo ní". Ìjàpá tí wọ́n ṣe láyé lé ní mílíọ̀nù 21, èyí tó kẹ́yìn jáde ní Mẹ́síkò ní oṣù keje ọdún 2003, gbogbo ìgbà yẹn ni wọ́n sì fi ń yí nǹkan padà lára rẹ̀.

Ẹ gbé àga ẹ̀yìn sókè. Lórí irin gígùn tó la àárín ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá, ẹ máa rí nọ́ńbà ṣáàsì tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà rọra ha á, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún kó lè hàn. Lára ọkọ̀ Jámánì tó jáde láti 1965, nọ́ńbà kẹta ló ń sọ ọdún: 118 ni 1968, 110 ni 1970. Bí ẹ bá rí 115, ẹ ka gbogbo rẹ̀: bó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́sàn-án, 1965 ni, bó bá jẹ́ mẹ́wàá, 1975 ni. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ dáínámò, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, torí Ìjàpá tí kò tíì pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rí láàárín àádọ́ta ọdún kò pọ̀ nílẹ̀ yìí.

Oṣù kẹjọ ni ọdún Volkswagen máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n tò ní oṣù kẹsàn-án 1967, ọkọ̀ 1968 ni. Ẹni tó bá ń ṣe àwàdà ló máa ní kò sí ìyàtọ̀, torí oṣù kẹjọ 1967 yẹn ni iná iwájú nàró dípò kó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, tí bọ́ńpà yí padà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kúrò lórí fólìtì 6 bọ́ sórí 12. Gílóòbù fólìtì 6 tí ẹ bá fi sí ọkọ̀ 12 á jó lójú ẹsẹ̀. Ti 12 nínú ọkọ̀ 6 á kàn máa ṣẹ́jú bí àtùpà tí epo fẹ́ tán nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí sítíárín wà, àti ẹ̀gbẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ìjàpá tí wọ́n tà nílẹ̀ yìí ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárín rẹ̀ sábà máa ń wà. Wọ́n gbé sítíárín àwọn kan kọjá sí òsì nígbà tó yá, wọ́n sì fi nǹkan wẹ́wẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Lára tèmi, sítíárín ti dé òsì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wáípà àti gíláàsì iná iwájú ṣì jẹ́ ti ìgbà tí à ń wa apá òsì títì. Gíláàsì iná yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ilà inú rẹ̀ ló ń darí ìmọ́lẹ̀ sókè sí ẹ̀bá ọ̀nà. Bó bá jẹ́ ti apá òsì, ojú ẹni tó ń bọ̀ ni yóò máa gún lálẹ́. Ẹ dojú kọ iná náà, kí ẹ wo ara gíláàsì: bí ọfà kan bá nà sí ọwọ́ ọ̀tún yín, ti apá òsì ni. Bí ọfà náà bá ní orí méjì, ó ṣeé lò níhà méjèèjì. Èyí tí kò ní ọfà rárá ni tiwa báyìí.

Ìtúpalẹ̀

Ibí ni mo ti jìyà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó fọwọ́ kan sípánà, ẹ tún yà á nígbà tí ẹ bá tú u dé ìdajì, kí ẹ yà á lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí ó bá kúrò. Fọ́tò ẹlẹ́ẹ̀kejì ló wúlò jù, torí òun ló máa fi hàn pé wọ́ṣà ráábà wà lábẹ́ tàbí lókè ti irin. Ẹ kó bóòtù àti síkúrù ibi kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ẹ ti fọ̀ tí ó sì gbẹ, ẹ lẹ tépù mọ́ ọn, kí ẹ kọ ọ́ sára tépù: "ilẹ̀kùn òsì, ìdè òkè". Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wọ inú agolo mílíìkì ńlá. Ẹ má kọ "oríṣiríṣi". Agolo tí wọ́n bá kọ oríṣiríṣi sí, sàréè ni.

Kí ẹ sì gbé agolo yẹn lọ sílé. Mo fi tèmi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń lu ara ọkọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọṣẹ́ kan gbálẹ̀, ó rí agolo tó dógùn-ún tó kún fún irin tó dógùn-ún, ó sì kó o fún ọkùnrin tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kiri. Ọmọ náà kò ṣe àìda. Ṣé ó kúkú jọ pàǹtí lóòótọ́. Ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀ mí títí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìdè fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú agolo yẹn.

Ohun tó bá ṣẹ́, tó ya, tó fọ́ sí méjì, ẹ tọ́jú rẹ̀. Òun ni ẹ máa gbé lọ sọ́jà. Ẹni tó ń ta pááàtì kò lè rí ohun tó wà nínú orí yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ìdajì ike sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á wò ó, á yí i, á ní, "Ọ̀gá, ẹ dúró ná," á sì wọlé lọ. Kí èyí tuntun tó wọlé, tó dúró, tó ṣiṣẹ́, ẹ má ju ti àtijọ́ nù.

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà

Ọ̀pọ̀ pááàtì Volkswagen ló ní nọ́ńbà mẹ́sàn-án, tí wọ́n pín sí mẹ́ta-mẹ́ta. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún: 111 àti 113 jẹ́ ti Ìjàpá, 211 jẹ́ ti bọ́ọ̀sì rẹ̀. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta kejì ń sọ ibi tó ń gbé lára ọkọ̀: 1 ni ẹ́ńjìnnì, 6 ni táyà àti bíréèkì, 8 ni ara ọkọ̀, 9 ni iná àti wáyà. Bí pááàtì bá ní òsì àti ọ̀tún, ẹ wo nọ́ńbà tó parí rẹ̀. Fẹ́ńdà iwájú òsì ni 111 821 021, ti ọ̀tún ni 111 821 022. Nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì, òsì. Èyí tó ṣeé pín, ọ̀tún. Òsì ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ o, kì í ṣe ti ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Lẹ́tà tó bá tẹ̀ lé nọ́ńbà, A tàbí B, ń sọ pé wọ́n ti tún un ṣe lẹ́yìn ti àkọ́kọ́.

Ẹni tó mọ èyí kò ní gbé ọwọ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún dé ilé nígbà tó jẹ́ pé òsì ló ń wá.

Ibi tí ẹ máa wá a

Ẹ má tíì lọ sí ọjà. Ẹ kọ́kọ́ wo àdúgbò. Ní Mọ́lété, ní Òkè-Bọ́lá, ní àwọn ilé ẹbí tó wà nísàlẹ̀ Bẹẹrẹ, Ìjàpá ṣì wà tí adìyẹ ń yé sí nínú. Inú wọn ni ojúlówó pọ̀ sí jù, torí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti dúró. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó dúró nínú agbo ilé ní olówó, kódà bí igi bá ti hù gba inú rẹ̀ jáde. Èmi wọ ilé kan ní Mọ́lété, mo kí ìyá àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ kú ìjókòó mà."

"Káàsán o. Ta lẹ ń wá?"

"Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé yìí ni mo rí, mà."

"Ti Baálé mi ni. Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?"

"Rárá o, mà. Ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ń wá, èyí tó wà lósì."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Àìkú, kí n bá àkọ́bí wọn sọ̀rọ̀. Mo padà wá. Àwọn ọmọ mẹ́ta ló jókòó tì mí, a jọ sọ iye, wọ́n fi orúkọ sí ìwé kékeré kan, àkọ́bí fúnra rẹ̀ ló sì bá mi di iná tọ́ọ̀ṣì mú nígbà tí mo ń tú u. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fún ọmọ kékeré kan lówó lẹ́yìn ilé kó tú nǹkan fún yín, olè ni ẹ jà, ọ̀rọ̀ á sì dé àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn àdúgbò ni ọjà Àràrómì ní Agódi Gate. Ẹ tètè lọ, láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń wá pááàtì Corolla kò tíì kún ibẹ̀. Ẹ má dúró lọ́dọ̀ àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn ń tàn. Tòkunbọ̀ ọkọ̀ tuntun ni ọjà tiwọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, Yorùbá tàbí Ìgbò, tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí Ìjàpá kún títì. Irú wọn máa ń ní páálí kan lókè àjà tí eruku ti bò, tí wọn kò gbé sílẹ̀ mọ́ torí kò sẹ́ni tó ń béèrè. Èyí tí mo rí gílóòbù inú dáṣíbọ́ọ̀dù mi nínú rẹ̀ ṣì ní ìwé ilé iṣẹ́ Bosch lára. Bàbá tó tà á fún mi ní:

"Kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe? Ọkọ̀ yẹn ti kú."

"Ó ti jí, sà."

"Ó dáa. Ẹ mú méjì, ẹ san owó kan."

Ẹ má sọ fún wọn pé ẹ ti wá nǹkan náà fún oṣù mẹ́fà. Ìyẹn nìkan ni àṣírí tí mo mọ̀ nípa ọjà nínà.

Bí Agódi kò bá sí, ẹ bọ́ sí Ládípọ̀ ní Múṣin, tàbí Òwódé Onírin fún irin tí wọ́n ti tú palẹ̀, l'Ékòó níbẹ̀. Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ mọ̀ kí ẹ tó wọkọ̀. Láti òkè òkun, ohun tó bá ní àkọlé "Indústria Brasileira" ti Bùràsílì wá, "Hecho en México" sì ti Mẹ́síkò wá. Ilé iṣẹ́ Volkswagen wà níbẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì ṣe Ìjàpá lẹ́yìn tí Jámánì ti jáwọ́, nítorí náà kì í ṣe ayédèrú. Ṣùgbọ́n ẹ fi fọ́tò wé tiyín, torí nǹkan tiwọn yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Jámánì níbi púpọ̀.

Dídá ojúlówó mọ̀

Orúkọ tí wọ́n kọ sí páálí kì í ṣe ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ páálí. Ẹ wo ara nǹkan náà. Lára gíláàsì àti ike iná, ẹ wá lẹ́tà E nínú òbìrí, nọ́ńbà rẹ̀ ló ń sọ orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i: E1 ni Jámánì, E2 ni Faransé. Ilé iṣẹ́ Hella àti Bosch máa ń tẹ orúkọ wọn wọ inú ike fúnra rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Lójú aago ìwọ̀n eré tí ilé iṣẹ́ VDO ṣe, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wá nọ́ńbà tín-ín-rín bíi 4/65; oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é nìyẹn. Lórí bóòtù, ẹ wá 8.8, nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe lágbára tó. Èyí tí kò ní nǹkan kan lórí, bó ti wù kó dán tó, ẹ má fi de bíréèkì tàbí ibi tó gbé ẹrù.

Mo ra ike pupa iná ẹ̀yìn kan tí ẹni tó tà á fi Ọlọ́run búra lé lórí. Ó wọlé geerege. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, oòrùn ti sọ ọ́ di àwọ̀ ọ̀sàn tó ń bàjẹ́. Mo padà sí ti àtijọ́ tó ní ìlà fífọ́ kan, mo fi Araldite lẹ̀ ẹ́ láti inú, òun ló sì wà lára ọkọ̀ títí di òní. Láti ìgbà yẹn, ojúlówó tó fọ́ díẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rà, kí n tó ra tuntun tí n kò mọ ìyá rẹ̀.

Ìfọ̀ àti àtúnṣe

Ẹ mú òòfà dání. Ohun tí òòfà bá mú, irin ni. Ẹ lè rì í sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ láti alẹ́ di àárọ̀, ìpẹtà á rọ̀, ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ ó ṣàn án nínú omi, ẹ ó gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì fi epo ẹ́ńjìnnì pa á. Bí ẹ bá jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, ìpẹtà á padà kí ẹ tó jẹun ọ̀sán tán.

Ohun tí òòfà kò bá mú, bí ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ má fi sínú ọsàn, ẹ má sì gbé e fún wẹ́dà. Síńkì ló pọ̀ nínú rẹ̀, 419 lórí ìwọ̀n ìgbóná Sẹ́lísíọ̀sì ni síńkì ń yọ́. Iná wẹ́dà kò tíì gbóná dáadáa tí yóò ti sọ ọ́ di omi. Ọṣẹ, omi, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ó tó.

Dídè é mọ́ ọkọ̀

Bóòtù Ìjàpá, mílímítà ni. M8, èyí tó fẹ̀ ní mílímítà 8, tí ẹ máa bá pàdé jù, ní eyín tí ó jìnnà síra ní mílímítà 1.25. Bóòtù Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó fẹ̀ bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ sún mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Á wọlé ní ìyípo méjì, á wá dúró. Ọmọṣẹ́ á ní ó le ni, á gbé sípánà gígùn, ihò á sì jẹ. Ẹ fi ọwọ́ lásán wọ gbogbo bóòtù dé ìdajì ó kéré tán. Bí ọwọ́ kò bá lè wọ̀ ọ́, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ fi gírísì díẹ̀ pa eyín rẹ̀ kí ẹni tó bá tún tú u lẹ́yìn yín má baà ṣépè.

Ẹ má fún bóòtù fẹ́ńdà le kí ráábà tẹ́ẹ́rẹ́ àárín fẹ́ńdà àti ara ọkọ̀ tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn rọ̀, ẹ ki ráábà náà bọ̀ ọ́, kí ihò rẹ̀ gun orí bóòtù kọ̀ọ̀kan, ẹ fà á kó tẹ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa fún wọn lọ díẹ̀díẹ̀, láti àárín lọ sí ìkángun.

Ráábà fèrèsé ló ń lé àwọn èèyàn sá. Ọgbọ́n rẹ̀ rèé. Ẹ fi ráábà wọ gíláàsì lórí tábìlì. Ẹ mú okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń sá aṣọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú kòtò ráábà tó máa gun ara irin, yíká gbogbo rẹ̀, kí orí méjèèjì pàdé nísàlẹ̀ láàárín, kí wọ́n sì kọjá ara wọn ní ìbú ọwọ́ kan. Ẹ fi omi ọṣẹ pa irin fèrèsé. Kì í ṣe epo ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe gírísì. Epo máa ń mú ráábà wú kó sì rọ̀. Ẹ gbé gíláàsì sí i láti ìta, kí orí okùn wà nínú ọkọ̀. Ẹnì kan á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ìta, ẹni tó wà nínú á máa fa okùn díẹ̀díẹ̀, ráábà á sì máa yí padà gun irin bí okùn ṣe ń jáde. Ẹ ṣe é ní ọ̀sán gangan. Oòrùn Ìbàdàn á ti bá yín mú ráábà náà rọ̀ láìgba owó.

Iná ni kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ni iná rẹ̀ kì í tàn, wọ́n á ní rìwáyà kò mọṣẹ́. Ara ọkọ̀ ni iná ẹ̀yìn Ìjàpá fi ń padà sí bátìrì. Bí ọ̀dà tuntun bá bo ibi tí bóòtù rẹ̀ jókòó, ọ̀nà ti dí. Ẹ fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò lábẹ́ orí bóòtù náà títí irin á fi funfun, ìwọ̀n kọ́bọ̀ kan péré, ẹ fi wọ́ṣà eléyín sí i, kí ẹ dè é, kí ẹ fi gírísì bò ó. Ibi tí fẹ́ńdà fúnra rẹ̀ ti pàdé ara ọkọ̀, ẹ ṣe é bákan náà ní bóòtù kan. Síkúrù tó di ike iná mú, ìka méjì ni kí ẹ fi yí i dópin; sukurudiráfà ńlá ló ń fọ́ ike.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wọlé tán, kí ẹnì kan wọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹlòmíràn máa da omi lé e lórí pẹ̀lú kọ́ọ̀pù. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó bá jò. Ẹ wà á lọ sí Mókọ́lá kí ẹ wà á padà, gálọ́ọ̀pù ọ̀nà á fi èyí tó rọ̀ hàn, ẹ ó sì tún wọn fún. Bí síkúrù kan bá ṣì kù nísàlẹ̀ agolo lẹ́yìn gbogbo èyí, ibì kan wà tó ń dúró dè é. Ẹ padà sí inú fóònù, kí ẹ wo fọ́tò ẹlẹ́ẹ̀kejì.